Ẹ̀rọ rack àtijọ́ fún gìtá: ohun tí mo máa ń yẹ̀ wò kí n tó sanwó

Bí ẹnì kan bá bi mí pé ẹ̀rọ rack àtijọ́ wo (ìyẹn ẹ̀rọ tó ń yí ìró padà, tí wọ́n ń tò sínú férémù irin) ni kí òun rà sí gìtá òun, ìbéèrè ni mo fi ń dá a lóhùn: ìró wo ló ń wá tí pẹ́dàlì, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀ nílẹ̀, kò lè gbé jáde? Bí kò bá rí nǹkan kan pàtó tọ́ka sí, mo máa ń ní kó fowó rẹ̀ pamọ́ ná. Àwọn ẹ̀rọ yìí wúwo, wọ́n ń gbóná, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti lé ní ọgbọ̀n ọdún dáadáa. Orúkọ wọn dùn ún pè, àmọ́ orúkọ kọ́ ló ń dún nínú amp, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá sókè.

Ẹ̀rọ kan, iṣẹ́ kan. Bí mo ṣe ń yàn nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká mú SPX90 ti Yamaha, tó jáde láàárín àwọn ọdún 1980. Ètò tó wà nínú rẹ̀ pọ̀ jaburata: reverb tó ń mú kí ìró dún bíi ti inú gbọ̀ngàn wà níbẹ̀, delay tó ń tún ìró sọ wà níbẹ̀, pitch tó ń gbé ohùn sókè tàbí sísàlẹ̀ náà wà níbẹ̀. Síbẹ̀, ètò tó ń jẹ́ Symphonic nìkan lèmi torí rẹ̀ gbé e sínú rack. Chorus ni, ìyẹn ohun tó ń mú kí gìtá kan dún bíi púpọ̀, àmọ́ kì í kọ́ èèyàn lóòyì. Ńṣe ló ń mú kí ìró gìtá fẹ̀ láìjẹ́ kó dà bíi pé okùn ti tú. Bí ẹ bá wo ìwé ẹ̀rọ náà, ẹ ó rí i pé ìró tó lè gbé kò kọjá 12 kHz, àwọn kan sì máa ń yọ ṣùtì sí i nítorí ìyẹn. Ṣùgbọ́n sípíkà gìtá fúnra rẹ̀, ohùn rẹ̀ ti ń wálẹ̀ gan-an bó bá ti kọjá 5 kHz tàbí 6 kHz. Ohun tí ẹ̀rọ yẹn gé kúrò, sípíkà yín kì í gbé e jáde tẹ́lẹ̀. Àfi bí ẹ bá ń fi gìtá ránṣẹ́ tààrà sínú sípíkà ńlá tó ń gbé gbogbo ohùn ni etí yín á fi mọ ìyàtọ̀.

Dimension D ti Roland tún wà, SDD-320, tó jáde lọ́dún 1979. Bọ́tìnnì mẹ́rin ló fi ń ṣiṣẹ́, kò síbi tí ẹ ti fẹ́ yí ìyára tàbí jíjìn chorus rẹ̀. Àwọn chip inú rẹ̀ ń gbé ìró lọ bí àwọn èèyàn tó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ tí wọ́n ń gba korobá omi lọ́wọ́ ara wọn. Iléeṣẹ́ Philips ni wọ́n ti ronú kan ọgbọ́n yẹn lọ́dún 1969. Ẹni tó bá fẹ́ràn kó máa yí nǹkan kiri á ní wọ́n rẹ́ òun jẹ. Èmi ní tèmi, ẹ̀rọ tí kò bá jẹ́ kí n rí nǹkan yí, gìtá ló ń jẹ́ kí n ráyè ta.

Ní ti delay, ibi tí owó ti ń bọ́ lọ́wọ́ èèyàn jù nìyí. TC 2290 ti TC Electronic ní ohun kan tó mú kí n máa bọ̀wọ̀ fún un: bí ẹ bá ń ta gìtá lọ́wọ́, àtúnsọ ìró náà á rọra relẹ̀, bí ẹ bá ti dánu dúró, á gbéra sókè, á wá kún àlàfo yẹn. Delay gígùn ò wá ní bo ọ̀rọ̀ tí ẹ̀ ń fi gìtá sọ mọ́lẹ̀. PCM 42 ti Lexicon dùn púpọ̀, àmọ́ kò ní MIDI, ìyẹn ọ̀nà tí ẹ̀rọ kan fi ń pàṣẹ fún òmíràn, kò sì ní ibi tí ẹ lè tọ́jú ìtò yín sí. Ọdún 1983 ni MIDI dé, nítorí náà, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n ti ṣe ṣáájú ìgbà yẹn, ọwọ́ lẹ máa fi yí i láàárín orin kan sí èkejì. Ní ilé ìgbohùnsílẹ̀, ìyẹn ò ṣe nǹkan kan. Lórí pèpéle, ọ̀rọ̀ mìíràn ni.

Ẹ̀yin tí ẹ̀rọ yín ní MIDI pàápàá, ẹ má tíì yọ̀. Ẹ ta gìtá, kí ẹ máa ta á lọ, kí ẹ wá yí ètò padà láàárín rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn á dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ìró tó ń kú lọ á sì gé pátápátá.

Ohun tó ń ba ìró àwọn ẹ̀rọ yìí jẹ́ jù lọ, ẹ̀bi ẹ̀rọ kọ́. Agbára ìró tó ń wọlé sí wọn ni. Ilé ìgbohùnsílẹ̀ ni wọ́n ṣe púpọ̀ nínú wọn fún, níbi tí +4 dBu, ìyẹn nǹkan bíi 1.23 volt, ti jẹ́ òṣùwọ̀n. Ìró tó ń ti gìtá jáde kò sún mọ́ ìyẹn rárá. Ìdènà tó wà lẹ́nu ọ̀nà ìwọlé wọn (impedance) pẹ̀lú, 10 kΩ sí 47 kΩ ló sábà máa ń jẹ́, bẹ́ẹ̀ nǹkan bíi 1 MΩ ni gìtá ń fẹ́. Bí ẹ bá so gìtá mọ́ ọn tààrà, ohùn tín-ín-rín òkè á kú, gìtá á máa dún bí ẹni tó fi aṣọ bonu. Ẹ̀yìn preamp, ìyẹn ẹ̀rọ tó kọ́kọ́ ń gbé ìró gìtá sókè, ni kí ẹ fi í sí, tàbí inú effects loop amp yín, ìyẹn ihò tí ìró ń gbà jáde lọ sínú ẹ̀rọ mìíràn, tó sì ń gbà padà. SDD-3000 ti Korg, tí The Edge, onígìtá ẹgbẹ́ olórin U2, sọ di olókìkí, yàtọ̀ ní tirẹ̀: ó ní ibi tí ẹ ti lè yan agbára ìwọlé àti ìjáde, kó lè bá gìtá àti amp mu.

Bí mo ṣe ń tò ó rèé. Mo máa ń ta gbogbo okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ̀ ní ìta tó le jù tí mo lè ta nínú orin, mo máa ń yí ìwọlé sókè títí iná pupa á fi ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, n óò wá dá a padà sẹ́yìn díẹ̀. Bí ìró tó wọlé bá kéré jù, ariwo híì-híì ló máa bá a jáde. Bó bá pọ̀ jù, ó máa fọ́, fífọ́ rẹ̀ kì í sì í dùn bíi ti amp. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo máa ń pa effect náà, kí n tún tan án, kí n yí ìjáde títí ìró méjèèjì á fi dọ́gba. Bó bá sì jẹ́ pé loop amp yín ń jẹ́ kí ìró gìtá gangan kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, ẹ gbé mix ẹ̀rọ, ìyẹn ìwọ̀n effect sí ìró gangan, dé 100%, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìró gìtá á pàdé ara rẹ̀ lọ́nà, á sì tín-ínrín.

Ó wá ku ọjà fúnra rẹ̀. Bátìrì kékeré kan wà nínú ọ̀pọ̀ wọn tó ń pa àwọn ìtò mọ́. Wọ́n sábà máa ń fi òjé lẹ̀ ẹ́ mọ́ bọ́ọ̀dù. Bó bá kú, ẹ̀rọ á gbàgbé gbogbo ohun tí ẹ ti tọ́jú. Pípààrọ̀ rẹ̀ kì í ṣòro fún ẹni tó mọ iṣẹ́, nítorí náà, ìyẹn kì í lé mi sá. Ẹ wo ẹ̀yìn fún iye volt tó ń lò: èyí tí wọ́n ṣe fún Japan, 100 volt ni. MIDIVerb II ti Alesis, AC volt 9 ló ń jẹ, ìyẹn ni pé àdápútà DC tí ẹ rí nínú àpótí kò ní bá a ṣiṣẹ́.

Ohun tó ń lé mi sá ni chip tí iléeṣẹ́ ṣe fún ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Chip ìrántí lásán, ẹ lè rí i rà. Èyí tí wọ́n dìídì ṣe yẹn, àfi kí ẹ tú ẹ̀rọ mìíràn láti rí i. Mo ti dán delay kan wò rí tó ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ nígbà tó tutù. Bó ṣe gbóná ni àtúnsọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta pà-pà, pàápàá níbi tí ìró ti ń lọ sílẹ̀. Ẹni tó bá ta gìtá léraléra kò ní gbọ́ ọ. Ẹ ta ohùn kan, ẹ gbé ọwọ́ kúrò, kí ẹ tẹ́tí sí i títí yóò fi parẹ́.

Ẹ tẹ bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ gbọ́ bóyá ó ń kùn hùn-ùn: bó bá jẹ́ pé ó ń kùn kódà nígbà tí ohun mìíràn kò sí lára rẹ̀, kapásítọ̀ inú rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa fura sí. Bó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ so ó mọ́ amp nìkan ló ń kùn, tiransifọ́mà kékeré tó ń ya ìró sọ́tọ̀ á yanjú rẹ̀. Ẹ má gé ẹsẹ̀ kẹta pulọ́ọ̀gì o. Ẹsẹ̀ yẹn ló ń gba ẹ̀mí yín là.

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń lọ síbi eré lójoojúmọ́, BOSS SDE-3000D wà, ó sì ń fi pẹ́dàlì ṣe iṣẹ́ SDE-3000 ti Roland. Mi ò rí ìtìjú nínú fífi ti àtijọ́ sílé. Àmọ́ bó bá jẹ́ ti àtijọ́ náà ni ọkàn yín fẹ́, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á tan án sílẹ̀ fún wákàtí kan kí ẹ tó dé. Bó bá ń ṣe àwáwí, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ máa bá tiyín lọ.