Jáàkì Wọnú Píjò Bàbá Mi Lọ

Ọmọkùnrin fọkanáísà náà yí jáàkì títí, ọkọ̀ ò gbéra. Ó tún yí i. Mo dúró lẹ́bàá títì ní Ògèrè, oòrùn ọ̀sán ń jó mi lórí, mo ń wo táyà ẹ̀yìn tó ti jò pátápátá, mo sì ń rò ó lọ́kàn ara mi pé jáàkì ọmọ yìí ti bàjẹ́ ni. Ló bá ní, "Àǹtí, ẹ wá wo nǹkan." Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Jáàkì ń gòkè lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe ọkọ̀ ló ń gbé. Inú ọkọ̀ ló ń wọ̀ lọ. Irin abẹ́ ilẹ̀kùn ti lu, nǹkan pupa rúsúrúsú sì ń dà jáde látinú rẹ̀ sórí yanrìn bí èlùbọ́ tí wọ́n ń jọ̀.

Ọmọ náà ò rẹ́rìn-ín. Ó kàn wá pákó nínípọn kan, ó lọ fi jáàkì síbi tó le ní abẹ́ ọkọ̀, ó pààrọ̀ táyà mi. Nígbà tí mo fẹ́ sanwó ló wá sọ ọ́: "Àǹtí, ọkọ̀ yín rẹwà lójú o." Mo mọ ohun tó ń bá mi sọ.

Bàbá mi ló ni ọkọ̀ yẹn. Peugeot 504 GL ni, ó rà á ní 1983 nígbà tó jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé ní Bádágrí. Ọ̀kan ni lára àwọn tí ilé iṣẹ́ PAN (Peugeot Automobile Nigeria) tò ní Kàdúná, níbi tí wọ́n ti ń to Píjò láti 1975. Kò sí àlejò tó wọlé wa tí bàbá mi kò sọ fún pé 1968 ni àwọn Faransé kọ́kọ́ gbé 504 jáde, àti pé nígbà tí yóò fi di 1969, òun ni wọ́n mú ṣe ọkọ̀ ọdún náà ní ilẹ̀ Yúróòpù. Bí àlejò bá ti gbọ́ ọ rí, yóò tún un gbọ́.

Nígbà tí bàbá mi di olóògbé, ọkọ̀ náà wà lábẹ́ igi fúrúùtù fún ọdún mẹ́rin gbáko, níbi tí ariwo òkun ti ń dé etí ẹni lóru. Èmi ni mo gbé e wá sí Ìbàdàn ní 2019. A ra bátìrì tuntun sí i, a fọ táǹkì rẹ̀, ló bá jí. Ohun tó tàn mí jẹ nìyẹn. Ẹ́ńjìnnì Píjò kì í tètè dójú ti èèyàn, nítorí náà èèyàn á gbà pé ìyókù ọkọ̀ náà le bẹ́ẹ̀.

Mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ nǹkan kan kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́jọ ṣáájú ọjọ́ Ògèrè, mo ti sanwó fún ẹnì kan pé kó tún ibẹ̀ ṣe. Ọ̀dà ibẹ̀ ti ń ru sókè bí irorẹ́, lábẹ́ ilẹ̀kùn dírẹ́bà àti ti ẹ̀yìn. Onítọ̀hún wò ó, ó ní kò tó nǹkan, ìpáàrà ojú lásán ni. ₦35,000 ló gbà. Ọjọ́ kejì ló dá ọkọ̀ padà, ó ń dán bí ojú àwòkọ́tò tuntun. Mo yà á ní fọ́tò, mo fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí. Ìyá mi pè mí, ó gbàdúrà fún mi tó bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Nígbà tí mo kúrò ní Ògèrè, mi ò padà lọ bá ẹni tó gba ₦35,000 yẹn. Ẹ̀gbọ́n kan tá a jọ ń kọ́ni nílé ìwé ló júwe bàbá àgbàlagbà kan fún mi, panẹ́ẹ̀bítà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí Ìwó Road. Bàbá yìí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó mú sukudiráfà, ó fi ọwọ́ di ẹnu irin rẹ̀ mú, ó wá ń fi ìdí rẹ̀ gbá abẹ́ ilẹ̀kùn láti iwájú lọ sí ẹ̀yìn. Kan, kan, kan. Nígbà tó dé ìdajì, ohùn náà yí padà: pọ́, pọ́, pọ́. Ó wojú mi. Ó yọ òòfà kékeré kan, irú èyí tó máa ń wà lẹ́yìn sípíkà rédíò, ó gbé e lé ibi tó ń dún "kan", òòfà lẹ̀ mọ́ ọn. Ó gbé e lé ibi tó ń dún "pọ́", òòfà já bọ́ sílẹ̀.

"Tíṣà, ibí yìí kì í ṣe irin."

Ó ti sukudiráfà bọ̀ ọ́, ó wọlé bí ìgbà téèyàn fi ọ̀bẹ gún iṣu sísè. Bọ́dìfílà, ìyẹn ìpara tí wọ́n fi ń dí ihò ara ọkọ̀ tó sì máa ń le, ló kọ́kọ́ wó lulẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ló fa ìwé ìròyìn jáde, tí wọ́n ká bí ìgbà tí wọ́n fẹ́ di ẹ̀pà, tí wọ́n kì bọ inú ihò kí bọ́dìfílà lè rí nǹkan gbára lé. Ojú ewé eré bọ́ọ̀lù ni. Ọmọọṣẹ́ kan mú un, ó ń kà á. Bàbá ní kó gbé e sílẹ̀.

N ó ṣàlàyé irin yìí bí Bàbá panẹ́ẹ̀bítà ṣe ṣàlàyé ẹ̀ fún mi, torí pé èmi náà rò pé ọ̀ṣọ́ lásán ni tẹ́lẹ̀. Irin gbọọrọ tó wà lábẹ́ àwọn ilẹ̀kùn, láti ẹ̀yìn táyà iwájú dé iwájú táyà ẹ̀yìn, tí ẹ máa ń gbẹ́sẹ̀ kọjá bí ẹ bá ń wọkọ̀, kì í ṣe irin kan ṣoṣo. Páànù méjì ló kọjú síra, ọ̀kan níta, ọ̀kan nínú, tí wọ́n jó ẹnu wọn pọ̀ lókè àti nísàlẹ̀. Àárín wọn ṣófo bí àpótí. Omi kì í ṣaláì wọ ibẹ̀: ó ń gba etí rọ́bà ilẹ̀kùn wọlé, táyà ń fọ́n ọn sókè. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ṣe ọkọ̀ fi lu ihò kéékèèké sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí omi lè máa jáde. Ẹrẹ̀ àti ewé igi fúrúùtù ti dí gbogbo ihò tiwa. Omi dúró sínú ẹ̀ ní Bádágrí, atẹ́gùn oníyọ̀ sì ń fẹ́ sí i láti òkun. Inú ni irin yẹn ti ń dógùn-ún bọ̀ wá sí ìta. Nígbà tí ọ̀dà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ru bí irorẹ́, inú ti lọ.

504 kò sì ní ṣáàsì, ìyẹn egungun irin abẹ́ ọkọ̀, bíi ti lọ́rì. Bọ́dì rẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ṣáàsì. Irin abẹ́ ilẹ̀kùn lápá ọ̀tún àti lápá òsì ló so iwájú mọ́ ẹ̀yìn. Ìgbà yẹn ni mo wá lóye ohun tó ń ṣe ilẹ̀kùn dírẹ́bà mi. Odidi ọdún méjì ni mo fi ń gbé e sókè díẹ̀ kó tó lè tì. Mo ti pààrọ̀ píìnì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì ti bá rewáyà jà pé òun ló ṣe é nígbà tó ń wá wáyà iná. Ọkùnrin náà ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ọkọ̀ ló ń tẹ̀ láàárín.

Mo sọ ọ́ fún àbúrò mi tó wà ní Leeds. Ó ní lọ́dọ̀ àwọn, irú ọkọ̀ yẹn kò ní kọjá àyẹ̀wò ọdọọdún. Wọ́n máa ń wò ó bóyá ibi tó dógùn-ún wà láàárín sẹ̀ǹtímítà 30 sí ibi tí wọ́n de bẹ́líìtì ìjókòó mọ́ tàbí ibi tí ẹsẹ̀ táyà so mọ́, wọn kì í sì í gba bọ́dìfílà rọ́pò irin. Mo ní kó má sọ fún Màámi.

Bàbá rán mi lọ sí Àgọ́dì Gate kí n lọ wò ó bóyá mo lè rí èyí tí wọ́n gé lára 504 mìíràn. Mo rìn ín títí. Ẹnì kan gbé ọ̀kan sílẹ̀ fún mi, ó ti kun ún ní dúdú, ó ń búra. Mo fi kọ́kọ́rọ́ mi gbá a. Pọ́, pọ́. Mo rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, mo bá tèmi lọ. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò lè kọjá lára ọkọ̀ àtijọ́ kí n má gbá a. Wọ́n ti lé mi nídìí ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ rí.

Ó wá ku ká fi páànù tuntun rọ ọ́. Aládùúgbò mi kan ní fíríìjì tó ti kú, ó ní ká gé ara rẹ̀. Nígbà tí mo dábàá ẹ̀, Bàbá kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ara fíríìjì fẹ́lẹ́ jù, àti pé bí wọ́n bá pa sínkì sára páànù, èéfín rẹ̀ máa ń dá ibà sí wẹ́dà lára lálẹ́ ọjọ́ tó bá jó o. Ó ti ṣe é rí. Páànù dúdú géèjì 18 ló ní kí n rà, èyí tó nípọn tó mílímítà 1.2.

Ilé ìwé wà ní ìsinmi, mo bá jókòó tì wọ́n. Ọjọ́ àkọ́kọ́ lọ tán, wọn ò tíì gé nǹkan kan. Wọ́n yọ àwọn ìjókòó, wọ́n ká kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n tú bátìrì, wọ́n sì tú páìpù epo tó gba abẹ́ ọkọ̀ kọjá. Wọ́n gbé ọkọ̀ lé orí búlọ́ọ̀kù igi ní ibi mẹ́rin, Bàbá sì ń fi ìgò omi wò ó bóyá ó dúró gbọọrọgbọ. Lẹ́yìn náà ló mú irin áńgù, ó jó o mọ́ àárín ojú ihò ilẹ̀kùn, láti òpó iwájú dé òpó àárín. Ó ta okùn láti igun dé igun ojú ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, ó wọn ọ́n, ó fi ẹfun kọ iye rẹ̀ sára gíláàsì. Mo bi í pé kí ni gbogbo èyí wà fún. Ó ní, "Bí mo bá gé eegun ẹ̀yìn rẹ láìdì ọ́ mú, ṣé wàá ṣì dúró?"

Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló gé lẹ́ẹ̀kan náà. Ibi tí mo ti fẹ́ bá a jà nìyí. Ó ń gé lọ, ó ń gé bọ̀, ọkàn mi ń já. Mo ní, "Bàbá, ṣé ibẹ̀ yẹn ò ṣì dáa?" Kò dá mi lóhùn. Ó fi ẹ̀rọ ìlọrin fọwọ́ kan ibi tí mo nawọ́ sí, ó lu. Ó gé e títí tó fi kan irin funfun tó mọ́, kó tó dúró. Páànù ti inú náà ti jẹ ní ibi méjì. Ó lẹ ìyẹn tán kó tó fọwọ́ kan ti ìta.

Gáàsì kábáìdì ni Bàbá fúnra rẹ̀ ń lò látilẹ̀, àmọ́ kò lò ó síbí. Ó ní ooru rẹ̀ pọ̀ jù fún iṣẹ́ gígùn báyìí, yóò lọ́ páànù. Ó pe ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ní ẹ̀rọ CO2, èyí tí wáyà ń ti ẹnu rẹ̀ jáde fúnra rẹ̀. Wọ́n lu ihò tẹ̀léra-tẹ̀léra sí etí páànù tuntun, wọ́n ń jó o pọ̀ láti inú ihò yẹn. Kì í ṣe pé wọ́n jó o láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin o. Wọ́n á jó díẹ̀ níhìn-ín, wọ́n á fò lọ sí ọ̀hún, wọ́n á tún padà, àkísà tútù ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn. Ọmọọṣẹ́ kan jókòó sínú ọkọ̀ pẹ̀lú korobá omi àti yanrìn, iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa wo iná. Ó ta sí ara fóòmù kan lẹ́ẹ̀kan, ó sì pa á kí n tó pariwo tán. NEPA mú iná lọ lẹ́ẹ̀mẹrin. Epo jẹnẹrétọ̀ wà lọ́rùn mi.

Nígbà tí wọ́n ṣe tán, Bàbá tún ta okùn rẹ̀. Ó bá ohun tó fi ẹfun kọ mu, àyàfi ojú ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kan tó yàtọ̀ ní mílímítà méjì, ó sì ní òun mọ̀ pé bàbá mi ti fi ibẹ̀ gbá nǹkan rí. Òótọ́ ni. Géètì ilé ìwé ni, ní 1991.

Ọ̀dà pupa tí àwọn wẹ́dà ń kùn sí irin ló kọ́kọ́ gbà. Ó tún lu àwọn ihò omi, ó ní kí n máa fi wáyà tú wọn lóṣooṣù. Lẹ́yìn tí gbogbo iná ti parí, torí pé bí wọ́n bá ṣe é ṣáájú ńṣe ni yóò gbiná, ó po gírísì mọ́ ọ́ìlì, ó fi ìbọn tí wọ́n fi ń fọ́n ọ̀dà fọ́n ọn sínú àpótí irin náà títí tó fi ń kán jáde nísàlẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń rùn bí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì. Nílé ìwé, àwọn ọmọ JSS 2 bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Ìyá Dírẹ́bà.

Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, páànù, owó oní-CO2, ọ̀dà àti epo jẹnẹrétọ̀ jẹ́ ₦212,000. Ẹ fi ₦35,000 ti àkọ́kọ́ kún un, torí mo kà á mọ́ ọn. Ilẹ̀kùn dírẹ́bà ń fi ìka kan tì báyìí. Àwọ̀ rẹ̀ ò bá ti ìyókù ọkọ̀ mu dáadáa, eérú tuntun lára eérú àtijọ́. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Bọ́dìfílà tó bọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, mo gba ọ̀kan tó tóbi tó àtẹ́lẹwọ́ lọ́wọ́ Bàbá, ìwé ìròyìn ṣì lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Orí tábìlì mi ló wà ní kíláàsì Basic Technology. Mo máa ń gbé e fún àwọn ọmọ pẹ̀lú òòfà kan, mo sì máa ń ní kí wọ́n sọ ohun tó jẹ́. Ní táàmù tó kọjá, ọmọ kan yí i síwá sẹ́yìn, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní, "Ma, àkàrà àná ni."