Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ìkómọ tó bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ kọ́kọ́ lọ tú ọ̀gẹ̀dẹ̀ yín kúrò nínú láílọ́ọ̀nù ná.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá la ṣe ìkómọ ọmọ àbúrò mi nílé wa ní Òkè-Àdó. Èmi ni wọ́n ní kí n mójú tó èso. Látọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo ti lọ sí Bódìjà, mo ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ ìdì méjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n, mo tún ra máńgòrò tó ti pọ́n. Kí eṣinṣin má baà bà lé wọn, mo kó gbogbo rẹ̀ sínú láílọ́ọ̀nù ńlá kan, mo so ó lẹ́nu pinpin, mo gbé e sí kọ̀rọ̀ ilé ìdáná.

Alẹ́ Ẹtì, wọ́n ti mú iná lọ. Mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, mo tú u. Ooru ló kọ́kọ́ gbá mi lójú bí ìgbà téèyàn ṣí ìkòkò, òórùn bí ẹmu tó ti kan wá tẹ̀lé e. Mo di ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan mú, èèpo ló kù sí mi lọ́wọ́, inú rẹ̀ ti já bọ́. Omi dúdú ń ṣàn lọ sábẹ́ sítóòfù. Ìgbà yẹn gan-an ni ìyá ọkọ àbúrò mi wọlé wá bu omi. Wọ́n wò ó, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́." Wọn ò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ pẹ̀lẹ́ yẹn kò tíì kúrò létí mi títí di òní. Mo jókòó sórí àpótí, mo sunkún.

Ilẹ̀ mọ́, a ra òmíràn, a ṣe ìkómọ.

Ẹ̀kọ́ kìíní ni láílọ́ọ̀nù. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá ń pọ́n, gáàsì kan tí wọ́n ń pè ní ethylene ń jáde lára rẹ̀, òun náà ló sì ń mú un pọ́n sí i. Tẹ́ ẹ bá dì í pa, kò ríbi gbà jáde. Ṣebí inú àpò la máa ń di àgbagbà sí tá a bá fẹ́ kó tètè pọ́n? Mo mọ èyí, mo ti ṣe é láìmọye ìgbà, kẹ́nikẹ́ni má sọ pé mi ò mọ ilé ìdáná. N kò kàn rò ó kan ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ ni.

Èkejì, ẹ yà á sọ́tọ̀ sí máńgòrò àti ìbẹ́pẹ tó ti pọ́n. Gáàsì kan náà ń jáde lára wọn. Láílọ́ọ̀nù yẹn ló tún kó wọn pọ̀ fún mi.

Fíríìjì ńkọ́? Èyí tí kò tíì pọ́n kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́, òtútù tó bá lọ sílẹ̀ ju nǹkan bíi 13°C lọ ń pa á lára, kò ní pọ́n dáadáa mọ́. Èyí tó ti pọ́n lè wọ̀ ọ́ fún ọjọ́ mélòó kan. Èèpo rẹ̀ á dúdú, inú rẹ̀ ṣì dáa.

Wọ́n ní kí n máa wé láílọ́ọ̀nù kékeré mọ́ ìdí rẹ̀, pé ó ń jẹ́ kó pẹ́. Mi ò ṣe. Mi ò fẹ́ rí láílọ́ọ̀nù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ mọ́ nílé mi. Okùn ni mo fi so tèmi kọ́ sára ìṣó báyìí, níbi tí atẹ́gùn ń gbà tí oòrùn kì í dé. Ìyá ọkọ àbúrò mi ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú, ibẹ̀ ni màá ti já a fún wọn.