Àṣìṣe tí mo ṣe lábẹ́ ìrókò

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ṣe ń júwe igi, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ níbi tí ojú ti tì mí. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n mú wa wọ igbó, mo rí igi kékeré kan tí kò ga ju orúnkún mi lọ. Ewé rẹ̀ le lọ́wọ́ bí ewé eépín, etí rẹ̀ ní eyín wẹ́wẹ́ bíi ti ayùn. Kókó rírọ̀ kan wà ní ọ̀mùnú rẹ̀. Mo ní èso ni. Mo jókòó tì í, mo wọn ìbú rẹ̀, mo kọ àwọ̀ rẹ̀, inú mi ń dùn pé mo ti rí igi tí àwọn yòókù kò rí.

Ọ̀gá wa wò ó lẹ́ẹ̀kan. "Ìrókò nìyẹn. Ilé kòkòrò lo pè ní èso yẹn."

Phytolyma ni wọ́n ń pe kòkòrò náà. Ara ọ̀mùnú ìrókò ló ń yé ẹyin sí. Ọmọ rẹ̀ á wọnú ewé lọ, ewé á wú bò ó. Bí kókó náà bá là, fọ́ńgọ́ọ̀sì á gba ibẹ̀ wọlé, ọ̀mùnú á jẹrà. Ohun tó jẹ́ kí oko ìrókò nira láti dá nìyẹn: ẹni tó bá gbin ọmọ ìrókò rẹpẹtẹ sójú kan, àsè ló sè fún kòkòrò yẹn.

Ewé gan-an ló tún tàn mí jẹ. Ewé àgbà ìrókò ń dán lójú, kò sì ní eyín létí. Ẹni tó bá gbé ewé igi kékeré àti ti àgbà síwájú yín láìsọ nǹkan kan, ẹ ó búra pé igi méjì ni. Nítorí náà, ẹ má kọ "ewé rẹ̀ rí báyìí" kẹ́ ẹ sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ewé igi tó ga tó báwo ni?

Àṣìṣe kejì gbà mí lákòókò ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìrókò kan wà tí mo ń bẹ̀ wò. Ó tanná: òdòdó funfun tín-ín-rín, tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20, ń rọ̀ wálẹ̀ lára ẹ̀ka. Gbogbo rẹ̀ já dànù. Lọ́dún kejì, bákan náà. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé igi náà kì í so. Akọ ni! Lọ́dọ̀ ìrókò, igi akọ wà lọ́tọ̀, igi abo wà lọ́tọ̀. Òdòdó abo kúrú, ó ki, àwọ̀ ewé ló ní, òwú tín-ín-rín sì yọ jáde lára rẹ̀ bí irun. Òun ló ń di èso tí àdán ń jẹ lóru, tó sì ń gbé irúgbìn rẹ̀ rìn jìnnà. Mo ti pe akọ ní àgàn fún ọdún méjì.

Ìrókò lè ga tó mítà 50, nítorí náà ẹ má gbọ́kàn lé ewé tẹ́ ẹ bá ṣà nílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ó lè jẹ́ ti igi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tàbí ti okùn igbó tó gùn ún. Ẹ fi àdá ha èèpo rẹ̀ díẹ̀. Oje funfun bíi wàrà máa jáde, bíi ti ọ̀pọ̀tọ́ àti afọ̀n, nítorí ẹbí kan náà ni wọ́n, Moraceae. Eépín tí mo fi ṣàkàwé lẹ́ẹ̀kan pàápàá, ẹbí yẹn ló wà. Mi ò mọ̀ nígbà náà. Bẹ́ ẹ bá ń wọn ìdí igi, ibi tó fi mítà 1.3 ga sílẹ̀ lẹ ó ti wọ̀n ọ́n. Bí gbòǹgbò bá yọ sókè kọjá ibẹ̀, ẹ wọ̀n ọ́n lókè gbòǹgbò, kẹ́ ẹ sì kọ ibi tẹ́ ẹ ti wọ̀n ọ́n.

Ẹ bi àwọn tó ń la pákó náà. Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ sọ fún mi pé òkúta máa ń wà nínú ìrókò, tó ń ba eyín ayùn jẹ́. Mo rò pé àwàdà ni. Òótọ́ ni: ẹfun líle ló ń dì sínú igi náà.

Ní ti orúkọ tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é, Welwitsch, ọ̀kan nínú wọn, pè é ní Morus excelsa ní 1869, ó wá di Chlorophora excelsa, kí Berg, onímọ̀ ewéko mìíràn, tó sọ ọ́ di Milicia excelsa ní 1982. Bẹ́ ẹ bá rí Chlorophora lára ewé gbígbẹ àtijọ́ tí wọ́n tẹ̀ sáàárín bébà pamọ́, igi kan náà ni.

Ewé gbígbẹ kì í sọ gbogbo ọ̀rọ̀. Oje, òórùn, gíga igi, àwọ̀ òdòdó, gbogbo rẹ̀ ti lọ kí bébà tó gbẹ, nítorí náà ìdí igi ni kẹ́ ẹ ti kọ ọ́. Ìwé pélébé tí mo kọ "èso rírọ̀" sí ṣì wà lára ewé tí mo já lọ́jọ́ yẹn. Mo fẹ́ yọ ọ́, ọ̀gá wa ò gbà. Ó ní a kì í yọ ti tẹ́lẹ̀, tuntun ni a ń lẹ̀ mọ́ ọn. Ni mo bá kọ "kókó Phytolyma, ọmọ ìrókò" sínú òmíràn, mo kọ déètì ọjọ́ náà sí i, mo sì lẹ̀ ẹ́ sábẹ́ ti àkọ́kọ́.