Ara Mi Ò Yá: Àyẹ̀wò Ọdún 2025 Mi

Ọdọọdún, tó bá ti ku ọjọ́ díẹ̀ kí ọdún parí, mo máa ń jókòó sẹ́yìn máṣíìnì mi ní Fọlágbadé, níbí ní Ìjẹ̀bú-Òde, màá ṣí ìwé tí mo fi ń kọ ìwọ̀n aṣọ àwọn oníbàárà, màá sì kọ bí ọdún ṣe rí sí ojú ewé tó kẹ́yìn. Iye aṣọ tí a rán. Ẹni tó ṣì jẹ mí lówó. Ọmọ iṣẹ́ tó ṣe fúrídọ̀mù. Lọ́dún yìí, bí mo ṣe gbé bírò, ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn kì í ṣe aṣọ rárá. Ibùsùn ọsibítù kan ní Istanbul ni, nínú oṣù Kejì, tí yìnyín ń bọ́ lójú fèrèsé, tí gbogbo ara mi ń gbọ̀n.

Ọdún mẹ́ta ni mo fi dá àjọ fún ìrìn àjò yẹn. Ó ti pẹ́ tí ìlú náà ti wà lọ́kàn mi, ìlú tí apá kan rẹ̀ wà ní Yúróòpù, tí apá kejì wà ní Éṣíà, tí omi Bosphorus sì la àárín wọn kọjá. Mo ti sọ fún ara mi pé lọ́dún tí mo bá pé ogójì ọdún, màá wọ ọkọ̀ ojú omi láti apá kan bọ́ sí èkejì. Àbúrò mi obìnrin tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù ní òun náà á wá bá mi níbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin péré. Ìparí oṣù Kejì la mú, torí ààwẹ̀ Rámádáànì máa bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní oṣù Kẹta, bí ààwẹ̀ bá sì ti parí, iṣẹ́ Iléyá á wọlé dé, kò ní sí pé mò ń jáde nílùú mọ́. Ìgbà òtútù sì ni owó òtẹ́ẹ̀lì máa ń rọjú.

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí n lọ, ara bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí. Oríkèé ń fà mí, ẹnu mi korò. Ìyá mi gbé ìkókorẹ́ wá fún mi, èyí tó fi ẹja gbígbẹ àti edé sè, èmi tí mo máa ń bu lẹ́ẹ̀mejì sì kàn ń fi ṣíbí tì í kiri nínú abọ́. Ó wò mí títí. Ó ní, "Ṣé kò sí o?" Mo ní, "Ara mi le, Màámi. Iṣẹ́ ló rẹ̀ mí." Kò bá mi jà. Ó dìde, ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù oníkẹ́míìsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó ra oògùn ibà oní-ọjọ́-mẹ́ta, ó fi ìborùn rẹ̀ kan wé e, ó tì í bọ inú àpò mi. Ó ní tí mi ò bá lò ó, kí n gbé e padà wá fún òun.

Mi ò lò ó. Mi ò sì ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n mọ̀ ni mi ò ṣe é, mo sì fẹ́ kí ó wà lákọsílẹ̀ níbí. Bí wọ́n bá ní ibà ni, bàbá àwọn ọmọ mi á ní kí n sún ìrìn àjò náà síwájú, irú tíkẹ́ẹ̀tì tí mo rà kò sì ní owó ìdápadà. Mo ń wo owó àjọ ọdún mẹ́ta, mi ò wo ara tó fẹ́ ná an. Paracetamol ni mò ń gbé mì láàárọ̀ lálẹ́, tí ẹnikẹ́ni bá sì béèrè, ara mi le.

Bíi wákàtí méje ni ọkọ̀ òfuurufú fi gbé wa láti Èkó. Òtútù tí àwa mọ̀ nílé ni ti ọyẹ́, tí ètè á bó, tí ẹsẹ̀ á funfun, ṣùgbọ́n tó bá fi máa di ọ̀sán, oòrùn á ti lé e lọ. Ti ibẹ̀ kì í lọ síbì kankan. Orí omi ló ń gbà wá, ó ń gba ọwọ́ kóòtù wọlé títí dé abíyá. Lọ́jọ́ Sátidé tí a dé, a rìn dé iwájú Ayasofya, ilé tí wọ́n kọ́ parí ní 537, tó ti jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, tó di mọ́ṣáláṣí ní 1453, tó di mùsíọ́ọ̀mù, tó tún padà di mọ́ṣáláṣí ní 2020. Owó ìwọlé àlejò jẹ́ yúrò márùndínlọ́gbọ̀n, èrò sì tò lọ bí ejò. Ẹsẹ̀ mi ò gbé mi. Mo ní kí àbúrò mi wọlé lọ, pé mo fẹ́ wo àwọn ológbò tó wà níta. Òótọ́ ni pé ológbò pọ̀ níbẹ̀, tí wọ́n ń sùn lórí àga àti lójú wíńdò ṣọ́ọ̀bù, tí ẹnikẹ́ni kì í lé wọn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe torí ológbò ni mo fi jókòó. Nígbà tó jáde, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò ṣe dáadáa." Mo ní òtútù ni.

Ọjọ́ kejì, ọjọ́ Sunday, mo fi agídí ní dandan ni ká lọ sí Süleymaniye. Mi ò kábàámọ̀ pé mo débẹ̀. Orí òkè ni mọ́ṣáláṣí náà wà. Mimar Sinan ló kọ́ ọ fún Sultan Suleiman, ó parí ní 1557. Òpó ìpèrun mẹ́rin ni ó ní. Òrùlé rẹ̀ rìbìtì ga débi pé tí o bá gbójú sókè, ọrùn á dùn ọ́. Ohun tó wú mi lórí jù ni pé Sultan náà kò kọ́ ibi ìkírun nìkan: ilé ìwé wà níbẹ̀, ilé ìdáná tí wọ́n ti ń fún aláìní lóúnjẹ wà níbẹ̀, ilé ìwòsàn náà sì wà lára rẹ̀. Ìlú yìí kan náà ni Sultan Abdul Hamid Kejì ti fi oyè Bey ránṣẹ́ sí Mohammed Shitta ní Èkó ní 1894, lọ́dún tí wọ́n ṣí mọ́ṣáláṣí rẹ̀. Ibẹ̀ ni orúkọ Shitta-Bey ti wá. Mo fẹ́ sọ ìyẹn fún àbúrò mi, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ò jáde.

Mo kírun rákà méjì. Nígbà tí mo forí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, kápẹ́ẹ̀tì yẹn tutù lábẹ́ iwájú orí mi, ó dùn mọ́ mi, mi ò sì lè dìde mọ́. Mò ń gbọ́ eyín mi tó ń kọlu ara wọn. Ìyá àgbàlagbà kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi na ọwọ́, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ kàn mí níwájú orí, gẹ́lẹ́ bí ìyá mi ṣe máa ń ṣe. Ó fà á kúrò kíákíá. Ó ní, "Geçmiş olsun." Ó tún un sọ, ó ń fọwọ́ pa mí léjìká.

Ibẹ̀ ni àbúrò mi ti mọ̀. Kò pariwo, ilé Ọlọ́run la wà, ṣùgbọ́n omi lé ròrò sójú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ṣé ẹ fẹ́ kí n gbé òkú yín padà fún Màámi ni?"

Àwọn ilé oògùn ti tì nítorí Sunday. Ṣùgbọ́n ètò kan wà tí mo fẹ́ràn gan-an: ilé oògùn tó bá tì, ó máa ń lẹ orúkọ èyí tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà mọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ la ṣe dé ibi tí lẹ́tà E pupa ti ń tàn. Obìnrin tó wà níbẹ̀ fi tẹ̀mómítà wò mí: 39.4. Ó gbé fóònù jáde, ó ń sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀, fóònù ń túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Níbo lo ti wá? Nàìjíríà. Ọjọ́ mélòó lo kúrò níbẹ̀? Ọjọ́ méjì. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "Sıtma," ibà ẹ̀fọn, ó sì ní òun ò ní ta nǹkan kan fún mi, kí n máa lọ sí ọsibítù nísinsìnyí. Ó jáde síta fúnra rẹ̀ láìwọ kóòtù, ó dá takisí dúró fún wa.

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi, wọ́n fa omi sí mi lára. Kòkòrò ibà wà nínú ẹ̀jẹ̀ náà. Dókítà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan, ṣàlàyé pé bí ẹ̀fọn bá jẹ ènìyàn, ó sábà máa ń tó ọjọ́ méje tàbí jù bẹ́ẹ̀ kí ibà tó yọjú. Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ti gbé e wá, ó sì ti wà lára mi nígbà tí mò ń sọ pé ara mi le. Ó ní bí mo bá tún fi ọjọ́ méjì sí i, ó lè wọ ọpọlọ. Ó béèrè bóyá mo ní oògùn kankan lọ́wọ́. Àbúrò mi tú àpò mi, ó fa ìborùn Màámi jáde, ó tú u. Dókítà yí páálí náà wò, ó ka orúkọ rẹ̀ jáde: artemether àti lumefantrine. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní oògùn tó yẹ gan-an nìyí, ta ló fún mi? Mo fẹ́ dáhùn, ẹkún ló jáde.

Wọ́n ní kí n lò ó pẹ̀lú oúnjẹ tó lọ́ràá tàbí wàrà kí ó lè wọ ara dáadáa, kí n lo ẹ̀ẹ̀kejì lẹ́yìn wákàtí mẹ́jọ, lẹ́yìn náà láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọjọ́ méjì, ìgbà mẹ́fà lápapọ̀. Nọ́ọ̀sì gbé ọbẹ̀ ẹ̀wà wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ kan wá, pupa rẹ́súrẹ́sú, ó fún lẹ́mọ̀ọ́nù lé e. Ó jọ gbẹ̀gìrì àwọn ará Ìbàdàn. Òun ni oúnjẹ àkọ́kọ́ tó dùn lẹ́nu mi láti ọjọ́ márùn-ún. Òun náà ní "Geçmiş olsun". Ẹni tó wá gbálẹ̀ sọ ọ́. Awakọ̀ takisí ti sọ ọ́ ṣáájú. Mo ní kí àbúrò mi wá ìtumọ̀ rẹ̀ lórí fóònù: kí ó di ohun tó ti kọjá.

Mo ronú lé e lórí ní gbogbo òru yẹn. Àwa náà ní tiwa. Ẹ pẹ̀lẹ́, ara á yá, Ọlọ́run á fọwọ́ tọ́ ọ. Kò sí ẹni tó máa gbọ́ pé ara ẹnì kan ò yá ní Ìjẹ̀bú tí kò ní kí i. Èmi wá ni mo tilẹ̀kùn mọ́ gbogbo wọn. Ẹni tó bá ní ara òun le, báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ kí i? Ìyá mi rí i, kò lè kí mi, torí mo ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Oògùn nìkan ló rí dì fún mi.

Lọ́jọ́ Tuesday, kí a tó lọ sí pápákọ̀ òfuurufú, ara ti fúyẹ́. Dókítà ti ní mo lè rìn díẹ̀. A wọ ọkọ̀ ojú omi ní Eminönü lọ sí Üsküdar, kò pẹ́ púpọ̀. Mo di ife salep mú lọ́wọ́ méjèèjì, wàrà gbígbóná tó ki, tí wọ́n bu sínámọ́ọ̀nù lé. Àwọn ẹyẹ òkun ń tẹ̀ lé wa, àwọn ọmọdé ń ju simit, búrẹ́dì rìbìtì tí àárín rẹ̀ lu, sí wọn. Mo fi ẹsẹ̀ kan Éṣíà. A lo ogún ìṣẹ́jú níbẹ̀, a sì padà. Ìyẹn tó mi.

Ìyókù ọdún kò ní gba ojú ewé púpọ̀. Ojúde Ọba bọ́ sí ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹfà. Láàárín oṣù Karùn-ún, nígbà tí aṣọ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́jọ́ orí kan náà, kún ilẹ̀ débi pé kò sí àyè ìtẹ̀sẹ̀, ara tún bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí. Mo sọ ọ́ síta fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi: ara mi ò yá. Mo ṣe àyẹ̀wò lọ́jọ́ náà, mo fi ọjọ́ mẹ́ta sinmi, mo dá aṣọ oníbàárà mẹ́rin padà. Ẹnì kan bínú, kò tíì padà wá. Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù Keje, Awùjalẹ̀ wa, Ọba Síkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà, wàjà lẹ́ni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún. Láti 1960 ló ti wà lórí ìtẹ́. Èmi àti gbogbo ẹni tí mo rán aṣọ fún rí nílùú yìí, orúkọ rẹ̀ nìkan la mọ̀ mọ́ oyè náà. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni mi ò lè tẹ máṣíìnì.

Ṣùgbọ́n oṣù Kẹsàn-án ni mo fẹ́ kọ. Mo lọ bá ìyá mi ní ìsọ̀ gààrí rẹ̀ ní Òkè-Ajé. Ó ń wọn gààrí fún ẹnì kan. Kóńgò kún, ó gbé e, ó dà á sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀rá, gààrí náà dà sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó dúró, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Mo ní, "Màámi, ṣé kò sí?" Ó ní, "Ara mi le. Oòrùn ni." Ohùn mi ni mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Bí mo ṣe sọ ọ́ lóṣù Kejì gan-an ló ṣe sọ ọ́, pẹ̀lú ẹ̀rín kékeré yẹn lẹ́yìn ọ̀rọ̀.

Mi ò bá a jiyàn. Mo bá a kó gààrí nílẹ̀, mo bo ìsọ̀, mo mú un lọ. Nọ́ọ̀sì wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, torí kò gba ojú ara rẹ̀ gbọ́ nígbà àkọ́kọ́: 186 lórí 112. Ìyá mi ní ó ti tó ọdún kan tí orí ti ń fọ́ òun láràárọ̀. Mo béèrè ìdí tí kò fi sọ. Ó ní, "Kí ni mo fẹ́ máa fi dà yín láàmú fún? Ẹ̀yin náà ń wá tiyín." Mo tú ìborùn yẹn jáde nínú báàgì mi, mi ò tíì dá a padà fún un láti oṣù Kejì. Mo fi wé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru náà, mo gbé e lé e lọ́wọ́. Ó wò ó, ó wò mí, ó dákẹ́.

Láràárọ̀ ni mò ń pè é láti ìgbà náà. Ẹ lo oògùn? Mo lò ó. Ara ńkọ́? Ara le. Oṣù mẹ́ta gbáko, ara le, ara le.

Lánàá, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Kejìlá, òun ló pè mí, a ò tíì kí àsùbáà tán. Mo gbé fóònù pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Ó kọ́kọ́ kí mi, ó kí ọkọ mi, ó kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ara mi ò yá díẹ̀ lónìí."

Mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Màámi. Mò ń bọ̀." Mo ti ń wá bàtà.