Àpèkọ ọ̀rọ̀ mẹ́wàá ní JSS 1

Nínú gbogbo iṣẹ́ olùkọ́ Yorùbá ní JSS 1, àpèkọ (dictation) ni a sábà máa ń fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Olùkọ́ á dúró sídìí pátákó, á pe ọ̀rọ̀ mẹ́wàá, á kó ìwé jọ, ó parí. Bẹ́ẹ̀, bí a bá ṣe é dáadáa, kò sí iṣẹ́ mìíràn tó tètè ń jẹ́ ká mọ ohun tí ọmọ ń gbọ́ àti ohun tí kò gbọ́.

Ìṣẹ́jú 40 ni wọ́n kọ sínú táìmtébù. Kí tíṣà tó wà níbẹ̀ ṣáájú yín tó jáde, kí ọmọ 65 tó jókòó, ó ti ku bíi 33. Nítorí náà, ẹ ti pín bébà kí ẹ tó wọlé: ojú ewé kan nínú ìwé àkọsílẹ̀, tí a gé sí méjì, tó fún ọmọ méjì. Kí olórí kíláàsì di bíró mẹ́ta tó ń kọ dáadáa mú, torí pé bíró ẹnì kan á ṣáà kú ní ọ̀rọ̀ kẹrin.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni igbe. Èrò pọ̀, ọkọ̀ ń fun fèrè lójú títì, olùkọ́ á wá máa pariwo. Bí ènìyàn bá ń pariwo, gbogbo ohùn rẹ̀ ni yóò gòkè. Ohùn ìsàlẹ̀ á súnmọ́ ohùn àárín, ọmọ tó tilẹ̀ fetí sílẹ̀ jù lọ ni yóò gbà á sódì. Ẹ kúrò nídìí pátákó. Ẹ dúró sáàárín kíláàsì gan-an, kí ẹ pe ọ̀rọ̀ náà bí ẹ ṣe ń pè é nílé. Ìgbà mẹ́ta ni: òun nìkan, lẹ́yìn náà nínú gbólóhùn (“Màmá ra igbá méjì ní Bódìjà”), lẹ́yìn náà òun nìkan. Ẹ dákẹ́ fún ìṣẹ́jú-àáyá 15 kí ẹ tó bọ́ sórí èyí tó kàn. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀ sí í lu páànù, ẹ dá a dúró, ẹ ṣe iṣẹ́ ojú pátákó. Máàkì àpèkọ tí wọ́n kọ lábẹ́ òjò kì í ṣe máàkì ẹnikẹ́ni. Nígbà òjò, ọ̀sán ló sábà máa ń dé, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹ tọrọ àkókò òwúrọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe táìmtébù.

Ẹ má kó igbá, igba, ìgbà àti igbà pọ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Méjì ti tó. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan náà á da orí wọn rú, wọn á sì máa méfò.

Ẹ ó rí àwọn ọmọ tó ń fa àmì ohùn ní òró gangan, kò tẹ̀ sọ́tùn-ún, kò tẹ̀ sósì, kí olùkọ́ lè kà á sí èyí tó wù ú. Ẹ sọ fún wọn ṣáájú pé òdo ni irú rẹ̀. Ohun tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́ ni kí wọ́n máa kà láti òsì sí ọ̀tún bí ẹni ń rìn: àmì òkè ń gun òkè Mápó, àmì ìsàlẹ̀ ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí odò Ògùnpa ní Ìbàdàn níbí, àárín kò sì ní àmì rárá. Ẹ fi òfin kan kún un: nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, fáwẹ́lì tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kì í gba ohùn òkè. Ọmọ tó mọ èyí kò tún ní kọ “ílé” mọ́.

Ibi tí mo ti fẹ́ kí ẹ ní sùúrù jù ni s àti ṣ. Nínú ẹ̀ka-èdè Ìbàdàn, s ni ọ̀pọ̀ wa ń pè níbi tí ìwé ti kọ ṣ. Bí olùkọ́ bá pe ẹ̀ṣẹ̀ tó dún bí “ẹ̀sẹ̀”, kí ló fẹ́ kí ọmọ kọ? Olùkọ́ tó jẹ́ ọmọ Ìbàdàn gbọ́dọ̀ ṣọ́ ẹnu ara rẹ̀ kó tó gé máàkì. Pátákó ṣọ́ọ̀bù náà ń dá kún un: “sh” àti “aiye” ṣì kún ojú títì láti Dùgbẹ̀ dé Mọ́kọ́lá, bẹ́ẹ̀ àkọtọ́ 1974, ìlànà bí a ṣe ń kọ Yorùbá sílẹ̀, ti ní ṣ àti ayé ni ká máa kọ.

“Ìtọ̀n” dípò ìtàn kì í ṣe àìgbọ́ràn. Bó ṣe dún létí ọmọ náà ló kọ ọ́. Àkọtọ́ ló ní kí a kọ ọn lẹ́yìn b, f, gb, p àti w (ibọn, ìpọ́njú), kí a kọ an lẹ́yìn àwọn yòókù. Ọmọ tí wọ́n ń sọ Èkìtì nílé lè kọ “ulé”. Ọmọ Haúsá láti Sábó àti ọmọ Ìgbò mọ ohùn òkè àti ìsàlẹ̀ láti inú èdè wọn. Ohùn àárín ni kò sí níbẹ̀, òun sì ni wọ́n máa ń ṣì.

Máàkì méjì ni fún ọ̀rọ̀ kan: ọ̀kan fún lẹ́tà pẹ̀lú àmì abẹ́ rẹ̀, ọ̀kan fún ohùn. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 20. Ẹ pín in sí méjì fún CA (máàkì iṣẹ́ inú táàmù, ṣáájú ìdánwò). Pínpín yìí ló ń fi hàn bóyá etí ni ìṣòro wà tàbí ìwé. Bí ẹ bá gbé 65 lọ sílé, ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó lé ní wákàtí kan ààbọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máàkì fún ara wọn ní kíláàsì. Kí ìwé kọjá ìjókòó méjì sẹ́yìn, kó má bọ́ sọ́wọ́ ọ̀rẹ́. Kí ẹni tó máàkì kọ orúkọ rẹ̀ sísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fọwọ́ ara yín yẹ mẹ́wàá wò.

Kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ tí wọ́n ṣì kọ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, pẹ̀lú gbólóhùn kan. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ẹ mú mẹ́ta tí kíláàsì ṣì jù, kí ẹ fi méje tuntun kún un.