Ọdún tí Ọ̀gá fi kíláàsì alángbá sílẹ̀ fún mi

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń ka ọ̀rọ̀ mi tipẹ́ mọ̀ pé oṣù kọ̀ọ̀kan ni mo máa ń tẹ̀ lé bí mo bá ń ṣe àyẹ̀wò ọdún, láti Ṣẹ́rẹ́ títí dé Ọ̀pẹ. Tọdún yìí kò lè rí bẹ́ẹ̀. Bí mo bá wẹ̀yìn wò, oṣù tí Ọ̀gá papò dà nìkan ni mò ń rí. Iṣẹ́ wá, iṣẹ́ lọ, mi ò rí nǹkan kan dì mú nínú oṣù yòókù. Ẹ̀yin tí ẹ kọ̀wé ìtùnú sí mi, ẹ ṣeun gan-an. Mo ka gbogbo rẹ̀.

Kíláàsì tí Ọ̀gá ń kọ́ lórí alángbá ṣì ku ìdajì nígbà náà. Màmá, ìyàwó Ọ̀gá, ló pè mí, wọ́n ní, “Ìwọ lo mọ ohun tí bàbá yín fẹ́ bá àwọn ọmọ yẹn sọ.” Mo ní, “Ẹ má ṣèyọnu, Màmá, màá ṣe é.”

Ohun tí Ọ̀gá sì fẹ́ bá wọn sọ ni bí ilẹ̀ ṣe ń pín jíìnì, ìyẹn ohun inú ara tó ń gbé àbùdá òbí dé ara ọmọ, láàrin àwọn alángbá. Ọ̀pọ̀ alángbá kì í jìnnà síbi tí wọ́n ti yọ nínú ẹyin. Nítorí náà, ohun tí ẹyẹ á fò kọjá láìwẹ̀yìn lè di odi fún wọn. Àwọn tó wà lódì kejì á máa fẹ́ ara wọn, àwọn tó wà níhìn-ín náà á máa fẹ́ ara wọn. Bí agbo kan bá sì kéré, àwọn jíìnì kan á sọnù pátápátá, kì í ṣe nítorí pé wọn ò wúlò, bí kò ṣe pé àwọn tó gbé wọn lára kú kí wọ́n tó yé ẹyin. Ìgbà tí àrùn tuntun tàbí ooru tuntun bá dé la máa ń mọ ohun tó ti sọnù.

Alángbá orí àpáta ti àwọn òkè Ozark ní Missouri, Amẹ́ríkà, ni mo fi bẹ̀rẹ̀, nítorí ìtàn yẹn ni Ọ̀gá fẹ́ràn jù. Crotaphytus collaris lorúkọ rẹ̀, ó ní àmì dúdú tó yí ọrùn rẹ̀ ká. Orí ilẹ̀ gbalasa olókùúta tí òòrùn ń pa ló ń gbé, igbó ló sì wà láàrin gbalasa kan àti èkejì. Láyé àtijọ́ iná máa ń jó igbó yẹn látìgbàdégbà, abẹ́ igi á mọ́, alángbá á sì rọ́nà kọjá. Ìgbà tí àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í pa gbogbo iná, abẹ́ igbó di. Òòrùn kò wọlé mọ́, tata kò pọ̀ níbẹ̀ mọ́, alángbá kò sì jẹ́ gbabẹ̀. Alan Templeton, onímọ̀ nípa jíìnì, àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ rí i pé ní gbalasa púpọ̀, ìran kan ṣoṣo ló kù, tí ìran tó wà lórí gbalasa tó tẹ̀ lé e sì yàtọ̀. Láti ọdún 1984 ni wọ́n ti ń kó alángbá padà síbi tí wọ́n ti kú tán, ṣùgbọ́n fún ọdún púpọ̀, àwọn yẹn kò kúrò lójú kan, kódà níbi tí gbalasa kejì kò jìnnà ju nǹkan bíi mítà 50 lọ. Ní 1994, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ dáná sun abẹ́ igbó náà. Àwọn alángbá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, wọ́n sì tẹ ibi tuntun dó fúnra wọn.

Mítà 50! Mi ò tíì lè gbé ọ̀rọ̀ yẹn kúrò lọ́kàn. A máa ń rò pé jíjìnnà ló ń yani nípa. Àwọn ẹranko yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ máa rí ara wọn, ọ̀nà ni kò sí.

Ìbéèrè pọ̀ nílẹ̀ tí mo fẹ́ bi Ọ̀gá lórí èyí. Ọ̀gá ìbá ti dáhùn, wọn ìbá sì ti... Ẹ jẹ́ n sọ ti ìrókò fún yín dípò rẹ̀. Ọ̀gá gbà pé a ti purọ́ mọ́ alángbá tó já láti orí ìrókò. Wọ́n ní kò yin ara rẹ̀ rárá, alángbá mìíràn ló rí nílẹ̀ rẹ̀, ó ń mirí fún un pé kó máa lọ. Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín nígbà tí mo sọ ọ́, èmi náà rín in.

Ti erékùṣù Bahamas náà wọ̀ wọ́n lára. Ìjì líle pa alángbá run lórí àwọn erékùṣù kéékèèké kan ní 2004. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn onímọ̀ mú akọ kan àti abo kan lọ sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan erékùṣù méje. Igi tó wà níbẹ̀ tín-ín-rín, ẹsẹ̀ àwọn ọmọ wọn sì ń kúrú sí i láàrin ọdún díẹ̀ káàkiri gbogbo erékùṣù náà. Síbẹ̀, ibi tí ẹsẹ̀ àwọn òbí àkọ́kọ́ ti gùn jù, ti àwọn ọmọ ṣì gùn ju ti ibòmíràn lọ. Ibùgbé ń tún wọn ṣe lóòótọ́, àmọ́ ẹni tó kọ́kọ́ dé kò parẹ́ lára wọn.

Èyí tó ń fún mi nírètí ni ti Florida. Irú alángbá kan náà, Anolis sagrei, ti wọ ibẹ̀ láti Cuba, ó kéré tán lẹ́ẹ̀mẹjọ, láti ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìran tí òkè àti òkun ti yà sọ́tọ̀ nílé wá pàdé lájò, àwọn ọmọ wọn sì ní onírúurú jíìnì ju àwọn tó wà nílé lọ. Mo mọ̀ pé àlejò tó ń gba ilẹ̀ onílẹ̀ ni wọ́n, mi ò ní sọ pé ohun rere nìkan ni. Ṣùgbọ́n ó dá mi lójú báyìí pé agbo tó ti tálákà ní jíìnì lè tún rí ọ̀tun gbà, bí ọ̀nà bá là.

Ti California kò pẹ́: ọ̀nà ọkọ̀ ńlá àti ilé ti gé igbó ibẹ̀ sí wẹ́wẹ́, ìyàtọ̀ sì ti hàn nínú jíìnì àwọn alángbá tó wà nínú ẹ̀là kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà yẹn kò tíì pé ọgọ́rùn-ún ọdún.

Ní Ṣẹ́rẹ́, ti Komodo ló kàn, alángbá tó tóbi jù láyé. Àwọn tó wà ní Gili Motang, erékùṣù kékeré kan ní Indonesia, kéré níye, jíìnì wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Ọ̀gá kọ ìbéèrè sí etí ìwé wọn níbẹ̀: ṣé ká mú ẹ̀jẹ̀ tuntun wá bá wọn láti erékùṣù míì, àbí ká fi wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà? Èmi fara mọ́ mímú tuntun wá, bí àwọn tí a ó mú bá ti ibi tí ilẹ̀ rẹ̀ jọ tiwọn. Ẹni tó ń bẹ̀rù pé á ba ohun tí wọ́n ti kọ́ lára erékùṣù wọn jẹ́ náà rí nǹkan sọ, mo sì fẹ́ kí àwọn ọmọ jiyàn rẹ̀ dáadáa. Màmá ní àwọn náà á wá. Wọ́n ní ọjọ́ pẹ́ tí àwọn àti Ọ̀gá ti ń jà lórí ọ̀rọ̀ yẹn nílé.