Ibi tí kò bá tẹ̀ ni ọ̀bẹ ń lọ

Àkúrẹ́, ọjọ́ Sátidé

Oòrùn tètè yọ lónìí, mo sì gbé iṣẹ́ jáde sí ẹ̀yìnkùlé kí òjò tó tún dé. Ọrun tí mò ń gbẹ́ báyìí, igi gúáfà ni. Aládùúgbò wa kan ní Òkè-Àró ló gé igi náà nígbà tó fẹ́ mọ ògiri yí ilé rẹ̀ ká, mo bẹ̀ ẹ́ kó má fi dáná. Mo là á, mo kun ẹnu rẹ̀ méjèèjì lọ́dà kó má baà sán, mo sì gbé e sórí àjà ilé ìdáná ìyá mi láti ìgbà ọyẹ́. Ooru àti èéfín ti fa omi ara rẹ̀ gbẹ. Igi tí kò tíì gbẹ máa ń dùn ún tẹ̀, àmọ́ tí a bá tú ọsán, ìyẹn okùn ọrun, kúrò lára rẹ̀, kì í fẹ́ nà padà mọ́. Á wà ní títẹ̀ bẹ́ẹ̀, agbára tó yẹ kó fi ta ọfà á sì ti bá a lọ.

Ẹ̀gbọ́n káfíńtà tí ṣọ́ọ̀bù wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa yà kí mi. Wọ́n gbé ọrun náà, wọ́n di ojú kan, wọ́n wò ó láti ìdí dé orí.

"Àbúrò, igi yìí mà wọ́ o."

"Ó wọ́, ẹ̀gbọ́n. Bó ṣe hù nìyẹn."

"Gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ìfági á tọ́ ọ, kò ní pẹ́ rárá."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kó wọ́ bẹ́ẹ̀. Ìfẹ́ ni wọ́n fi sọ ọ́. Ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn kò gbọ́dọ̀ gbójú fo ohun tó bá wọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọrun yàtọ̀. Tí a bá fa ọsán, ẹ̀yìn ọrun, ìyẹn ojú tó kọ sí ohun tí a fẹ́ ta, ń nà. Inú rẹ̀ tó kọjú sí ẹni tó ń ta á ń fún pọ̀. Àwọn fọ́nrán igi tó wà lẹ́yìn yẹn gbọ́dọ̀ gùn láti orí dé ìdí láìgé. Tí igi bá wọ́, tí ìfági wá là á kọjá ní tààrà, ó ti gé wọn sọ́nà. Ibi tó gé wọn ni igi á ti kọ́kọ́ ya, ibẹ̀ náà ni á sì ti dá. Nítorí náà, mo bó èèpo ẹ̀yìn rẹ̀, mo fi í sílẹ̀ bí Ọlọ́run ṣe dá a, n kò fi irin kàn án mọ́. Inú ni gbogbo gbígbẹ́ wà.

Ohun tó ń ba ọrun jẹ́ jù lọ, lójú tèmi, ni pé ẹni tó ń gbẹ́ ẹ kì í fẹ́ dúró. Ọrun ti tẹ̀ dáadáa, ó ti lágbára tó, ṣùgbọ́n ojú ọ̀bẹ hàn níbì kan, tàbí apá kan sanra ju èkejì lọ lójú rẹ̀. Á ní kí òun kàn fá a díẹ̀ sí i. Ìṣirò "díẹ̀" yẹn le. Tí a bá mú ìdá kan nínú mẹ́wàá kúrò nínú fífẹ̀ ọrun, ìdá kan nínú mẹ́wàá náà ló máa lọ nínú líle rẹ̀. Ìnípọn kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi tó bá nípọn tó mílímítà 20, tí a wá fá a di 18, líle tó lọ níbẹ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ, torí pé ìnípọn lọ́nà ìnípọn lọ́nà ìnípọn là ń ṣírò kí a tó mọ bí igi ṣe le tó. Mílímítà méjì péré! Ẹni tó jókòó ti ọrun rẹ̀ pẹ̀lú sáńpépà, tó fẹ́ kó máa dán, lè fọwọ́ ara rẹ̀ gbé mílímítà méjì yẹn lọ láìmọ̀. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Mo kan pákó kan mọ́ ògiri, mo gbẹ́ ihò sí orí rẹ̀ tí ìdìmú ọrun ń jókòó sí. Okùn kan so mọ́ ọsán, ó gba inú púlì kan nílẹ̀, ó sì dé ọ̀dọ̀ mi lódìkejì. Bí mo ṣe ń fa okùn náà ni ọrun ń tẹ̀ níwájú mi. Òkèèrè là á ti wo igi ganganran, òkèèrè náà ni mo ti ń wo ọrun. Tí mo bá sún mọ́ ọn, ojú ọ̀bẹ àti kókó nìkan ni mò ń rí. Tí mo bá dúró lókèèrè, ó hàn kedere lónìí pé apá ìsàlẹ̀ ń tẹ̀, apá òkè sì dúró gbagidi nítòsí ìdìmú. Mo fi ẹ̀dú sàmì sí ibi tó dúró gbagidi, mo gbé ọrun sọ̀kalẹ̀, mo fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ họ ibẹ̀, ibẹ̀ nìkan. Ohun tó ń já bọ́ fẹ́lẹ́, ó ń ká, afẹ́fẹ́ ń gbé e. Mo tún gbé e kọ́, mo fà á jẹ́ẹ́jẹ́ lẹ́ẹ̀mélòó kan kí n tó wò ó, torí igi kì í tètè fi ohun tí a mú kúrò lára rẹ̀ hàn.

Ibi tó bá ti ń tẹ̀ jù, n kì í fọwọ́ kàn án. Tí a bá tún họ ibẹ̀, á máa ká bí orúnkún, kò sì ní pẹ́ dá. Àwọn ibi tó kù la máa họ kí wọ́n lè bá a. Ìdí okùn ni mo so òṣùwọ̀n mọ́, irú èyí tí àwọn ẹlẹ́ja ń fi kọ́ ẹja. Kílò 18 ni mo fẹ́ nígbà tí fífà bá dé ínṣì 28. Ní gbogbo ìgbà tí mo fi ń gbẹ́ ẹ, ibi yòówù kí fífà dé, tí òṣùwọ̀n bá ti pé kílò 18, mo dúró.

Ọmọkùnrin kan tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní FUTA máa ń wá bá mi lópin ọ̀sẹ̀. Kálípà ló mú wá lónìí. Ó wọn apá méjèèjì láti ìdìmú dé orí, ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, ó wá gbójú sókè.

"Bọ̀ọ̀dá, wọ́n dọ́gba. Ibi gbogbo ló dọ́gba. Kí ló wá dé tí wọn ò tẹ̀ dọ́gba?"

Ìbéèrè yẹn dùn mọ́ mi púpọ̀, torí ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ yìí wà. Irin dọ́gba látinú. Igi kò rí bẹ́ẹ̀. Apá tó sún mọ́ gbòǹgbò àti apá tó sún mọ́ ẹ̀ka kò le bákan náà, ibi tí fọ́nrán ti yà kò sì rí bí ibi tó ti lọ tààrà. Kálípà mọ ìnípọn, kò mọ líle. Mo tún sọ fún un pé dídọ́gba pátápátá kọ́ là ń wá. Ọwọ́ tó di ọrun mú wà nísàlẹ̀ àárín, ọfà sì ń gba òkè ọwọ́ kọjá, nítorí náà mo máa ń fi apá ìsàlẹ̀ sílẹ̀ kó le ju tòkè lọ díẹ̀. Ó pa ìwé rẹ̀ dé, ó gba okùn lọ́wọ́ mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú wò ó.

Kókó kan wà ní apá òkè tí ojú ọmọ náà kò kúrò lára rẹ̀. Fọ́nrán igi yà sọ́tùn-ún yà sósì yí kókó yìí ká, wọ́n tún pàdé lókè rẹ̀. Mo fi igi díẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ ju ibi tó kù lọ, tí a bá fi ìka gba inú ọrun kọjá, ọwọ́ á mọ̀ pé ibẹ̀ ga. Ó fẹ́ kí a rẹ́ ẹ mọ́lẹ̀ kó bá tókù mu. Mo kọ̀. Mo sọ ìtàn Mary Rose fún un, ọkọ̀ ogun ọba Gẹ̀ẹ́sì tó rì ní 1545, tí wọ́n gbé jáde nínú òkun ní 1982. Ọrun tí wọ́n rí nínú rẹ̀ lé ní 130. Àwọn tó mọṣẹ́ dunjú ló gbẹ́ wọn fún ọmọ ogun ọba, síbẹ̀ kókó wà lára wọn, wọ́n sì jẹ́ kí igi ga níbi tí kókó wà. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀ ni. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọrun gbà á lọ́jọ́ ogun kì í torí ẹwà dín ibi tó ti lè dá kù.

A kò tilẹ̀ ní láti lọ sókè òkun. Ihò Eléérú wà nítòsí Ìsàrun, kò jìnnà sí wa níbí. Awalẹ̀pìtàn Thurstan Shaw àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ walẹ̀ níbẹ̀ ní 1965, wọ́n rí egungun èèyàn tó ti wà nílẹ̀ fún ohun tó lé ní ọdún 11,000, wọ́n sì rí òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n là kó mú, irú èyí tí àwọn awalẹ̀pìtàn gbà pé wọ́n lè lẹ̀ mọ́ igi fi ṣe ẹnu ọfà. Òkúta kì í jẹrà. Tó bá jẹ́ pé ọfà ni lóòótọ́, igi ọrun rẹ̀ ti di ilẹ̀ tipẹ́. Mo máa ń ronú sí ọwọ́ tó gbẹ́ ẹ. Òkúta ni á fi họ ọ́, ẹbí rẹ̀ á sì máa retí ẹran. Mo gbà lọ́kàn mi pé ọrun náà wọ́, pé kókó wà lára rẹ̀, pé apá méjèèjì sì tẹ̀ pọ̀. Inú mi máa ń dùn tí mo bá rántí pé ilẹ̀ tiwa nìyẹn, kì í ṣe ibòmíràn.

Nígbà tí oòrùn fi rọlẹ̀, apá òkè ti bá tìsàlẹ̀. Òṣùwọ̀n ka kílò 18 ní ínṣì 28. Ọmọ náà tún gbé ọ̀bẹ, ó ní ojú ọ̀bẹ ṣì hàn nínú, kí òun bá mi fá a kúrò. Mo gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, mo fún un ní ewé ìpín. Etí ọrun ni mo ní kó fi ra, torí etí tó bá mú ni igi ti ń ya. Kó fi inú sílẹ̀. Ó ra á títí etí náà fi ṣe róbótó, a fi òrí pa gbogbo rẹ̀ kí omi má baà wọ̀ ọ́, mo sì tú ọsán. Ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ méjì ti wà nílẹ̀ níwájú ògiri fún ọ̀la. Lẹ́yìn ìsìn la máa bẹ̀rẹ̀ sí í ta á, a máa kọ́kọ́ fà á dé ìdajì, a máa wo inú rẹ̀ bóyá ibì kan ń wú tàbí ń ya, kí a tó fà á dé ẹ̀rẹ̀kẹ́.